Láti Ṣakí dé Mashpee: Bí Èdè Ṣe Ń Kú, Bí Ó Ṣe Ń Jí

"Ẹ gbé ichu yẹn sílẹ̀ fún mi níbẹ̀." Bí Ìyá Àgbà ṣe máa ń wí nìyẹn lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣakí, bí àwọn tó lọ sóko bá ti ń sọ ẹrù kalẹ̀. Kì í pe iṣu ní iṣu. Ichu ni. Iṣẹ́, ichẹ́ ni. Aṣọ òfì táwọn ará Ìsẹ́yìn ń hun, achọ òfì ni lẹ́nu rẹ̀. Ìlú wa gan-an, Chakí ló ń pè é. Ohùn yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo dáyé, òun náà ni mo gbé lọ síléèwé. Ibẹ̀ ni olùkọ́ kan ti ní kí n dìde níwájú kíláàsì, kí n pe "iṣu" nígbà ogún, kí ahọ́n mi lè tọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín, mo ń pè é, omijé ń bọ́. Ahọ́n mi tọ́ lóòótọ́. Ó tọ́ débi pé nígbà tí mo bí ọmọ tèmi, mi ò fi ohùn Ìyá Àgbà bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, mo mú un wálé láti Èkó. Ìyá Àgbà gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ní kó jẹ ichu. Ọmọ náà fi sùúrù dá a lóhùn bí olùkọ́ kékeré: "Màmá, iṣu ni, kì í ṣe ichu." Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú rẹ̀ wò, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti fojú kan ọmọ yẹn, ó ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ nìyẹn. Arúgbó tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ń tún ahọ́n rẹ̀ ṣe nítorí ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Oǹkò ni àwọn onímọ̀ èdè ń pe ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Ògùn. Kì í ṣe pé gbogbo ìlú ń sọ ọ́ bákan náà. Ẹni tó bá gbọ́ ará Ìsẹ́yìn tó sì gbọ́ ará Kíṣí yóò mọ̀ pé ọ̀nà jìn láàárín wọn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn wa bá lanu sọ̀rọ̀ ní ọjà Ìbàdàn tàbí ní gáréèjì Èkó, "ch" yẹn ló ń tú u fó. Ará Ìbàdàn tó ń pe "ṣ" ní "s" ní tirẹ̀ ń yangàn pé ọmọ Ìbàdàn lòun. Tiwa, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín. Ohun tí wọ́n bá sì ti ń fi èèyàn rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kó o pamọ́.

Bí èdè ṣe ń kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àfi kí àwọn tó ń sọ èdè kan kú tán kó tó parẹ́, ṣùgbọ́n kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn náà ń bẹ láàyè, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń bímọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn òbí kan pinnu, láìpe ìpàdé kankan, pé ohùn yìí kò ní ṣe ọmọ wọn láǹfààní. Nígbà tí ìran kan bá fi kọjá, ẹni tó ń gbọ́ ọ pọ̀ ju ẹni tó ń sọ ọ́ lọ. Ìran kejì ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìran kẹta, orúkọ ìlú àti oríkì tí kò yé ẹnikẹ́ni ló kù.

Àwọn ẹ̀yà kan wà ní Amẹ́ríkà tí ọ̀rọ̀ wọn kọjá ìran kẹta yẹn, tó lọ títí dé ìran karùn-ún, tí wọ́n sì padà wá ń sọ èdè wọn lónìí. Mo ti ka ìtàn wọn ní ọ̀pọ̀ ìgbà, mo sì fẹ́ kó yé wa bí wọ́n ṣe ṣe é.

Wampanoag ni orúkọ wọn. Ìhà ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, létí òkun, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Wọ́n ń pe èdè wọn ní Wôpanâak. Ara ẹbí èdè ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Algonquian ni, tí Ojibwe, Cree àti Blackfoot wà nínú rẹ̀, tó tàn láti etí òkun títí wọ inú Kánádà. Nígbà tí ọkọ̀ Mayflower gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ní 1620 pẹ̀lú àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àjàkálẹ̀ àrùn ti jà níbẹ̀ láàárín 1616 sí 1619, ó sì ti sọ abúlé púpọ̀ di ahoro. Àwọn tó ṣẹ́ kù bá àwọn àlejò wọ̀nyí gbé fún bí àádọ́ta ọdún, kí ogun tó bẹ́ ní 1675. Metacom, olórí wọn, kú nínú ogun náà ní 1676. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú lógun sínú ọkọ̀, wọ́n sì tà wọ́n sóko ẹrú ní àwọn erékùṣù West Indies. Ọmọ Òkè-Ògùn tó bá ka ibẹ̀ yẹn kò ní ṣàìrántí ohun tí òun náà mọ̀ nípa ọkọ̀ ẹrú.

Síbẹ̀, ogun kọ́ ló pa èdè náà. Ohun tó tẹ̀ lé e ló pa á, ìyẹn sì gba ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ: àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ nílé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ tó ń bọ́ lọ́wọ́ wọn ní kóòtù tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń gbọ́, àwọn ọkùnrin tó bá ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán lọ sójú òkun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, kò sí ẹni kan láyé tó ń fi Wôpanâak bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé kan wà.

Òyìnbó ajíhìnrere kan, John Eliot, ti tẹ Bíbélì odindi jáde ní èdè wọn ní 1663. Bíbélì àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ odindi Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Eliot nìkan kọ́ ló ṣe é. Cockenoe ló kọ́kọ́ kọ́ ọ lédè. Job Nesuton bá a túmọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní James Printer ló ń to lẹ́tà sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọmọ ilẹ̀ náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí tí Eliot fi ṣe ìwé náà ni láti yí wọn lọ́kàn padà kúrò nínú ìgbàgbọ́ bàbá wọn, n kò sì ní fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ti mọ̀wé kà, wọn kò fi mọ sí Bíbélì. Wọ́n fi èdè wọn kọ ìwé ilẹ̀, wọ́n fi kọ ìwé ogún, wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba nígbà tí wọ́n ń já ilẹ̀ gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ìwé wọ̀nyẹn wà nínú àpótí ní ilé ìkàwé àti ní ilé ìjọba, eruku ń bò wọ́n, àwọn ọmọ ọmọ tó ni wọ́n kò sì lè kà wọ́n.

Ní 1993, obìnrin Wampanoag kan tó ń jẹ́ Jessie Little Doe Baird, ará ìlú Mashpee, bẹ̀rẹ̀ sí í lálàá. Ó ń rí àwọn èèyàn tó jọ ẹbí rẹ̀, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Lọ́jọ́ kan ó ń wakọ̀ lọ, ó rí pátákó orúkọ ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: Sippewissett. Ìgbà náà ló yé e pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lójú àlá, èdè àwọn baba ńlá òun ni. Ìtàn yìí wọ̀ mí lára gan-an, nítorí pé Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò nílò àlàyé. A mọ̀ pé àwọn tó ti lọ ń wá bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó tún fi hàn mí pé orúkọ ilẹ̀ ló máa ń gbẹ́yìn nínú èdè. Àwọn tó gba ilẹ̀ náà kò rántí pààrọ̀ orúkọ rẹ̀.

Baird dá ẹgbẹ́ ìgbàpadà èdè sílẹ̀ lọ́dún náà pẹ̀lú àwọn ìlú Wampanoag tó kù, ó sì bá ara rẹ̀ ní MIT, iléèwé gíga tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ẹ̀rọ. Kenneth Hale ló kọ́ ọ níbẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ọ̀pọ̀ èdè yọ̀ mọ́ lẹ́nu. Àtọmọdọ́mọ Roger Williams, òyìnbó tó kọ ìwé lórí èdè Algonquian mìíràn, Narragansett, ní 1643, ni Hale. Ní 2000, Baird gba oyè másítáàsì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe yìí, torí pé òun gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ohùn ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ìwé kì í sọ̀rọ̀. Eliot fi etí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́, ó fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, nígbà tí kò tíì sí ìlànà kan pàtó fún kíkọ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Báwo ni wọ́n á ṣe mọ bí wọ́n ti ń pè é? Àwọn èdè tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ṣì wà láàyè, ni wọ́n lọ bá. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ká ní Yorùbá Ọ̀yọ́ ti parẹ́ pátápátá lórí ahọ́n, ìwé díẹ̀ ló kù, ṣùgbọ́n àwọn Èkìtì ṣì ń bẹ. Èkìtì ń pe ilé ní ulé, iṣu ní uṣu, igi ní ugi. Ẹni tó bá rí "ilé" nínú ìwé Ọ̀yọ́, tó gbọ́ "ulé" lẹ́nu Èkìtì, tó tún rí "igi" tó gbọ́ "ugi", yóò mú ìlànà kan jáde: níbi tí Èkìtì bá ti fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, "i" ni Ọ̀yọ́ ń lò. Láti ọjọ́ náà, bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ Èkìtì kan tí kò sí nínú ìwé Ọ̀yọ́, ó lè sọ bí Ọ̀yọ́ ìbá ṣe pè é. Kì í ṣe àbá lásán, ó ní òfin.

Bẹ́ẹ̀ ló rí láàárín àwọn èdè Algonquian. Roger Williams fúnra rẹ̀ ti ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1643: ibì kan ń pe ajá ní anum, ibòmíràn ayim, àwọn mìíràn arum, àwọn mìíràn alum. Ìró kan ṣoṣo ló ń yí padà láti ìlú dé ìlú, gẹ́gẹ́ bí "ṣ" ṣe ń di "s" ní Ìbàdàn tó sì ń di "ch" lẹ́nu tiwa. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí ìró náà ń gbà yí lè mú ọ̀rọ̀ láti èdè tó wà láàyè, kó tún un ṣe, kó sì fi dí àlàfo tó wà nínú Wôpanâak. Ohun tí ará Èkó ń fi wá rẹ́rìn-ín, òun ni àwọn onímọ̀ fi jí èdè òkú dìde. Mo fẹ́ kí olùkọ́ tó ní kí n dìde lọ́jọ́sí gbọ́ ìyẹn.

Ìṣòro kejì ni pé Bíbélì ò ní gbogbo ọ̀rọ̀. Ọba, ogun, àgùntàn, ẹ̀ṣẹ̀, ọrẹ ẹbọ, gbogbo ìwọ̀nyẹn pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń wẹ ọmọ, tó ń ní kó di ojú kí ọṣẹ má bàa ta á, níbo ló ti máa rí i nínú Ìwé Kíróníkà? Ibi tí àwọn lẹ́tà àti ìwé ogún ti wúlò nìyẹn. Ẹni tó ń pín ogún á dárúkọ ìkòkò, á dárúkọ àwo, á dárúkọ aṣọ àti ibùsùn. Nípa báyìí ni wọ́n fi kó ìwé atúmọ̀ èdè jọ, tó ti lé ní 10,000 ọ̀rọ̀. Ohun tí kò sí láyé nígbà Eliot, wọ́n fi gbòǹgbò ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe pe tẹlifíṣọ̀n ní amóhùnmáwòrán.

Gírámà rẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá sí tiwa. Wôpanâak pín gbogbo nǹkan sí ohun ẹlẹ́mìí àti ohun aláìlẹ́mìí, ọ̀rọ̀ ìṣe sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé èyí tó bá jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì lè gùn débi pé ẹni tó ṣe nǹkan, ohun tó ṣe àti ẹni tó ṣe é fún á wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó dàgbà sínú Gẹ̀ẹ́sì, kó tó lè ronú báyìí, ojú rẹ̀ á rí màbo.

Gbogbo èyí, iṣẹ́ orí ìwé ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èdè náà jí ní ti gidi, inú ilé sì ni, kì í ṣe yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó jí nígbà tí Baird bí ọmọbìnrin rẹ̀, Mae Alice, tó sì pinnu pé Wôpanâak lòun máa fi bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ọmọ náà ni ẹni àkọ́kọ́ tí èdè yẹn jẹ́ èdè àbínibí rẹ̀ lẹ́yìn ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹ ro bó ṣe rí fún ìyá kan tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní èdè tí ìyá tirẹ̀ kò gbọ́ rí, tó jẹ́ pé bí òun bá ṣì í pè, kò sí àgbàlagbà kan láyé tó lè tọ́ òun sọ́nà. Ní 2010 wọ́n fún Baird ní ẹ̀bùn MacArthur nítorí iṣẹ́ yìí. Ní 2016 wọ́n ṣí iléèwé jẹ́léósinmi kan, Mukayuhsak Weekuw, níbi tó jẹ́ pé Wôpanâak ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké.

Òkè-Ògùn ńkọ́?

Ẹni tó kọ Yorùbá sílẹ̀ fún gbogbo ayé, agbègbè wa ló ti jáde. Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti mú Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, nígbà tó wà ní bí ọmọ ọdún méjìlá. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró. Ó kó ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1844 ó ṣe ìsìn ní Yorùbá ní Freetown, níwájú àwọn tí wọ́n ti rò pé kò sí ibi tí àwọn tún ti máa gbọ́ èdè ìyá àwọn láti orí àga ìwàásù. Nígbà tó di 1884, Bíbélì odindi ti jáde. Cockenoe, Nesuton àti Eliot parapọ̀ sínú ẹnì kan ni Crowther: ọmọ onílẹ̀, ó mọ̀wé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ náà.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá lónìí, orí iṣẹ́ rẹ̀ la jókòó lé, mi ò sì ní í sọ ohun kan tó bu iṣẹ́ náà kù. Ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe kò ní lẹ́tà fún "ch". Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n ń wá, èyí tí Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú á lè kà pọ̀, wọ́n sì rí i. Ohun tó ṣubú láàárín ni Oǹkò. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé Yorùbá tó ti jáde láti ọjọ́ náà, mi ò tíì di ọ̀kan mú tí wọ́n fi ohùn Ìyá Àgbà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kí ẹnikẹ́ni má sì retí pé iléèwé ló máa gbà wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa. Ó di 2022 kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ní 2025 wọ́n sì fagi lé e. Ká tiẹ̀ ní wọn ò fagi lé e, Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọn ì bá fi kọ́ àwọn ọmọ Ṣakí. Oǹkò kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni.

Ohun tí àwa ní, tí àwọn Wampanoag kò ní fún ọgọ́rùn-ún ọdún, ni ẹnu. Ìwé ni wọ́n ní, wọn kò ní ẹni tó lè kà á sí wọn létí. Àwa ní àwọn tó ń sọ ọ́ ní Ṣakí, ní Òkehò, ní Ìgànná, ní gbogbo abà tó wà lọ́nà oko, a kò sì ní bébà kan lọ́wọ́. Bí Baird bá rí arúgbó kan péré tó lè sọ fún un pé "bẹ́ẹ̀ kọ́ la ń pè é, ọmọ mi," mo rò pé yóò fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Nítorí náà mo gbé fóònù lọ sílé. Mo ti kọ́ lára àwọn Wampanoag pé kì í ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ni kí n bi í, pé kí ni ẹ ń pe èyí, kí ni ẹ ń pe tọ̀hún. Iṣẹ́ ni kí èèyàn bi àgbà: bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, ìgbà tí wọ́n ń bo orí rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ná ọjà, bí wọ́n ṣe ń bẹ ìyàwó tó bínú lọ sílé bàbá rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ tó ń sunkún lóru. Mo sì pinnu pé "ch" ni n óò máa kọ, láìdúró de ìgbìmọ̀ kankan. Ní Bẹ̀nẹ̀, tí ààlà rẹ̀ kò jìnnà sí Ṣakí, wọ́n ń fi ɛ àti ɔ kọ Yorùbá, Yorùbá náà ni.

Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, mo gbé fóònù síwájú rẹ̀, mo ní kó sọ bí wọ́n ṣe ń gbin iṣu nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Ó ní, "Tí a bá fẹ́ gbin iṣu..." Iṣu ló pè é. Ó ti gbọ́ pé ọmọ mi máa gbọ́ ọ, ó sì ti ń tọ́jú ẹnu fún un.

Mo pa fóònù. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́ fún mi."

Ó wò mí títí. "Ọmọ rẹ ní kò dáa."

"Ọmọ mi ò gbọ́n. Èmi ni mi ò kọ́ ọ."

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n tan nǹkan náà. Ó lò tó wákàtí méjì lórí ichu nìkan, lórí èyí tí wọ́n ń kọ́kọ́ wà àti èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀, lórí ọkọ rẹ̀ tó kọ ebè wíwọ́ kan tí gbogbo oko fi ń pe orúkọ rẹ̀ dòní. Ọmọ mi wá láti ìta, ó fara ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbọ́. Nígbà tí ó yá, ó bi í pé, "Màmá, ichu yẹn ńkọ́, èyí tó wà lórí ebè wíwọ́?"